Èsì fún Ìyá Ìbejì: ìgbín tí ẹ fẹ́ kó lọ sí São Tomé

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ pé àbúrò yín tó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù São Tomé fẹ́ dá ọgbà ìgbín sílẹ̀ níbẹ̀, pé kí ẹ ra ìgbín ńláńlá ní ọjà Oyíǹgbò kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ wá ń bèèrè irú páálí tí ìgbín kò fi ní kú lójú ọ̀nà. Ẹ dákun, ẹ gbọ́ tẹnu èmi tó ti ṣe é rí.

Erékùṣù tèmi kì í ṣe São Tomé, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Oníbàárà kan níbẹ̀ ló fẹ́ ìgbín alààyè láti inú ọgbà mi ní Ìpájà. Ìwé kò ṣòro, ẹ̀yin náà á mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á, ẹ san owó, ó parí. Àárín ìwé sí ọkọ̀ òfurufú ni ojú mi ti rí màbo. Ọ̀gá tó yẹ kó fọwọ́ sí i kò sí lórí ìjókòó. Ẹni tó bá mi níbẹ̀ ní fọ́ọ̀mù tí mo mú wá ti di ti àtijọ́. Mo ra tuntun, wọ́n ní ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ jẹun, ló bá kúkú lọ sílé. Ẹrù mi wà nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, páánù lókè, ooru nísàlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé bí ìgbín bá rí ọ̀gbẹlẹ̀, á kó wọnú ìkarahun, á fi awọ funfun kan dí ẹnu rẹ̀ pa. Mo ṣí páálí, mo rí àwọn tó wà lókè tí wọ́n ti dí bẹ́ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀. Omi dúdú ń ro lára àwọn tibẹ̀, ìdin ti bò wọ́n. Òṣìṣẹ́ kan fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ní kí n yáa rí òun kí òórùn yìí tó lé àwọn èèyàn dà nù. Mo rí i. Mo rí ẹni kejì náà. Nídìí gbogbo tábìlì tí wọ́n ti gbowó lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Níbo ni ìgbín yìí ń lọ?"

Ibi tó ń lọ ni wọ́n ti bèèrè. Wọ́n gba gbogbo ẹ̀, wọ́n kó o sí fíríìsà títí ó fi kú, wọ́n dáná sun ún, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé oníbàárà mi lórí. Orí èmi ló padà wá. Inú ìbínú yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó ń dẹ́rù ba odindi ìjọba lára ìgbín.

Erékùṣù tó dá wà láàárín òkun, tí kò so mọ́ ilẹ̀ kankan rí, ohun tó bá fò débẹ̀, tàbí tí afẹ́fẹ́ tàbí omi bá gbé wá, ló ń gbé ibẹ̀. Ẹyẹ ń yé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìfòyà, torí kò sí eku, kò sí ológbò, àfi ìgbà tí èèyàn kó wọn dé. Ní erékùṣù Mauritius, àwọn ará Netherlands gúnlẹ̀ ní 1598, wọ́n tẹ̀dó ní 1638. Ẹlẹ́dẹ̀, eku àti ọ̀bọ tó bá ọkọ̀ dé ń jẹ ẹyin dodo, ẹyẹ ńlá tí kò lè fò. 1662 ni ìgbà ìkẹyìn tó dájú pé ẹnikẹ́ni fojú kàn án.

Ẹ wá gbọ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ìgbín ńlá ti ìlà-oòrùn Áfíríkà ti dé àwọn erékùṣù Hawaii, ó ń jẹ oko run. Wọ́n ní àwọn máa fi ìgbín pa ìgbín: ní 1955 wọ́n kó ìgbín apẹran kan, Euglandina rosea, wá láti Amẹ́ríkà. Dípò ìgbín Áfíríkà, àwọn ìgbín wẹ́wẹ́ orí igi tí kò sí níbòmíràn láyé ló dojú kọ. Ẹni tó kù gbẹ̀yìn nínú ẹ̀yà kan lára wọn, George ni wọ́n sọ ọ́, kú ní January 1, 2019. Wọ́n tún kó apẹran yìí lọ sí Moorea, erékùṣù mìíràn nínú òkun Pàsífíìkì, ní 1977. Kò ju nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lọ, àwọn Partula, ìgbín wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú igbó ibẹ̀, ọgbà ẹranko ni wọ́n kó ìwọ̀nba lọ kí irú wọn má bàa parẹ́. Bẹ́ẹ̀ Hawaii yìí kan náà ti kó ẹranko tí wọ́n ń pè ní mongoose wọlé ní 1883 kó lè jẹ eku oko ìrèké: òru ni eku ń jẹ̀, ọ̀sán ni mongoose ń jẹ̀, ẹyin ẹyẹ ló bá jókòó tì. Ìwé rẹpẹtẹ ni wọ́n kà o!

Ẹ má sì sọ pé díẹ̀ lẹ fẹ́ kó. Ìgbín kan ṣoṣo, akọ ni, abo ni. Ní 1966, ọmọdé kan kó ìgbín mẹ́ta láti Hawaii lọ sí Miami, ìyá àgbà rẹ̀ dà wọ́n sínú ọgbà. Lẹ́yìn ọdún méje, ohun tí wọ́n ṣà lé ní 17,000. Bí ẹ bá tún rí ọmọ tó ń fi ìgbín ṣeré, ẹ ní kó fọwọ́, torí aràn ẹ̀dọ̀fóró eku máa ń wà lára wọn, ó sì lè wọ ọpọlọ èèyàn.

São Tomé gan-an, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀ kí àwọn Potogí tó dé ní nǹkan bí 1470. Wọ́n ní ìgbín ńlá tiwọn, búzio-d'Obô, tí kò sí níbòmíràn yàtọ̀ sí São Tomé àti Príncipe. Ìgbín tiwa yìí, Archachatina marginata tó kún orí àtẹ ní Oyíǹgbò, èèyàn ti gbé e débẹ̀ tipẹ́, ó ti gba ilẹ̀, tiwọn sì ń sá wọ inú igbó tí àdá kò tíì dé. Kí lẹ wá fẹ́ gbé wọ ọkọ̀ òfurufú? Kí àbúrò yín wá ẹni tó mọ méjèèjì yàtọ̀, kó ṣa tiwa tó ti wà nílẹ̀, kó fi tiwọn sílẹ̀.

Kó tó kọ́ ọgbà, kó bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, kí wọ́n fèsì lórí ìwé. Ejẹ́ńtì tó bá sì sọ fún yín pé òun mọ èèyàn ní pápákọ̀, ẹ ní kó buwọ́ lùwé pé òun ló máa san ìtanràn. Tèmi ò gbé fóònù mọ́ títí dòní.