Ìgbẹ́ ẹlòmíràn bí oògùn?

ÌBÉÈRÈ: Ìgbẹ́ gbuuru màmá mi ń padà wá lẹ́yìn oògùn apakòkòrò. Ṣé a lè fi ìgbẹ́ ẹlòmíràn wò wọ́n nílé? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Nílé kẹ̀? Rárá o! Kòkòrò Clostridioides difficile, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó ń padà wá, ni ìtọ́jú yìí wà fún. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ màmá wò. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n á po nǹkan bí 50 gíráàmù ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le mọ́ omi iyọ̀ tó mọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi rọ́bà gba ìdí rán an sínú ìfun, kí kòkòrò rere tí oògùn ti pa lè tún gbilẹ̀. Nílé, ta ló máa yẹ ẹni tó fún yín ní ìgbẹ́ wò? Ojú lásán kì í rí HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ lára rẹ̀. Ní 2019, Amẹ́ríkà kìlọ̀: kòkòrò tí oògùn kò ràn wà nínú ìgbẹ́ kan tí wọn kò yẹ̀ wò fún un, aláìsàn kan kú.