Ìdánwò bọ́ sí ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀: ṣé kí n pe olùkọ́ ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Texas la ń gbé. Ọmọ mi obìnrin wà ní yunifásítì ìjọba níbí. Ìdánwò àárín sáà rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ gẹ́lẹ́, olùkọ́ sì ti kọ ọ́ síwèé pé òdo ni ẹni tí kò bá wá máa gbà. Ọmọ ní kò burú, òun á fi ìrun yídì sílẹ̀. Ìyá mi nílé kò tíì gbọ́. Ṣé kí n pe olùkọ́ yẹn kí n bẹ̀ ẹ́?

Ìdáhùn: Alhájì, ẹ kú àmójútó ọmọ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ lèmi náà, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú agbo ilé wa, ẹran Iléyá ò mọ onígbàgbọ́ yàtọ̀ sí mùsùlùmí. Good Friday ló fa irú ọ̀rọ̀ yìí fún ọmọ tèmi. Ọjọ́ ìsinmi ni nílé, bí ọdún yín náà ti jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, kò sẹ́ni tó ń tọrọ àyè. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbí kì í tì fún ìkankan nínú méjèèjì.

Ẹ má pe olùkọ́. Nílé, ẹ lè mú àgbà kan dání lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, kí wọ́n sì fi ojú òbí wò yín. Níbí, òfin àpapọ̀ kan wà láti 1974, FERPA: bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, òun ló ni àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ò ní bá yín sọ ọ́ láìgba àṣẹ ọmọ. Ọmọ ni kó kọ̀wé.

Kó má sì kọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àánú. Òfin ẹ̀kọ́ Texas, abala 51.911, sọ pé kí yunifásítì ìjọba yọ̀ǹda akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe ọjọ́ mímọ́ ẹ̀sìn rẹ̀, tó fi mọ́ ọjọ́ ìdánwò àti ìrìn-àjò tí ọjọ́ náà bá gbà. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹ́ níyà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣe ìdánwò náà láàárín àkókò tó bójú mu. Òdo tí olùkọ́ kọ síwèé kò bo èyí mọ́lẹ̀. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín nìyẹn: ọmọ ti fi yídì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé rárá. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa lórí ìyẹn.

Kó wo sílábọ́ọ̀sì, nítorí ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní ìlànà tiwọn lórí ìgbà tó yẹ kéèyàn ti sọ. Kó fi ímeèlì ránṣẹ́ báyìí: orúkọ ọdún, ọjọ́ tí yóò bọ́ sí, ìdánwò tó kàn, àti ọjọ́ méjì tó lè fi ṣe é. Ẹnu lásán ò tó.

Ibi tó le jù ni oṣù. Nílé, Sultan Sókótó la ń dúró dè. Ní Amẹ́ríkà, àwọn mọ́sáláṣí kan ń tẹ̀ lé ìṣirò, àwọn mìíràn ń dúró kí wọ́n rí oṣù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alfa yín ọ̀nà tí mọ́sáláṣí yín ń gbà, kí ọmọ sì kọ ọ́ pé ó lè fi ọjọ́ kan yàtọ̀. Olùkọ́ tó ti gbọ́ èyí ṣáájú kì í sábà bínú.

Bí olùkọ́ bá ṣì kọ̀, òfin náà fún ọmọ láyè láti gbé e lọ sọ́dọ̀ olórí yunifásítì tàbí aṣojú rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì sọ ni abẹ gé.

Ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni. Lọ́dọọdún, ọdún náà ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá: ní 2027, yóò súnmọ́ 10 oṣù kẹta, ní 2028, ìparí oṣù kejì. Sáà ẹ̀kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà kọ̀ọ̀kan ni kó ti máa kọ ọ́ sí gbogbo olùkọ́ rẹ̀. Ti ọdún yìí, kó kọ ọ́ lónìí.