Tọ́ọ̀ṣì orí: ṣé iná funfun ni kí n rà ni, àbí èyí tó pọ́n?

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdigné ni mo ń gbé, lábẹ́ Kétu níbí. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń gba ọ̀nà oko, mo sì máa ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n mi lọ ṣa ìgbín lálẹ́ nígbà òjò. Mo fẹ́ ra tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Ẹni tó ń tà á lọ́jà fi méjì hàn mí, iye kan náà ni wọ́n. Iná ọ̀kan funfun kinkin, wọ́n kọ 6500K àti 1000 lumen sára páálí rẹ̀. Èkejì pọ́n bí ìyeyè, 3000K àti 800 lumen ni wọ́n kọ sí i. Ó ní kí n mú èyí tó funfun, pé òun ló mọ́lẹ̀ jù. Bàbá mi ní èyí tó pọ́n ni kí n mú, pé òun ló ń la kùrukùru kọjá. Ìyàwó mi náà á máa lò ó nílé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó.

Nínú méjèèjì tí o kà yìí, èyí tó pọ́n ni kí o mú. Ṣùgbọ́n bí o bá lè rí èyí tó wà láàárín, tí wọ́n kọ 4000K tàbí 4500K sí, tí wọ́n sì kọ CRI 90 mọ́ ọn (CRI ni iye tó ń sọ bí iná ṣe ń jẹ́ kí àwọ̀ hàn tó), fi méjèèjì sílẹ̀ kí o ra ìyẹn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí ọlọ́jà sọ, ó wà nínú ti bàbá náà, àmọ́ kò sí èyí tó kan ohun tí ojú rẹ ń wá lójú ọ̀nà oko nínú méjèèjì.

Ohun kékeré tó ń tàn níwájú tọ́ọ̀ṣì yẹn, LED, kì í tan iná funfun fúnra rẹ̀. Búlúù ló ń tàn. Àwọn ọmọ Japan mẹ́ta kan, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí pé àwọn ni wọ́n wá ọ̀nà tí LED fi lè tan búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Láìsí búlúù yẹn, kò sí LED funfun kankan lónìí. Wọ́n máa ń fi àtíkè kan tó pọ́n bo búlúù náà lójú. Àtíkè yìí á gba lára búlúù, á sọ ọ́ di ìyeyè, ìyeyè àti búlúù tó ṣẹ́ kù á wá dà pọ̀, ojú wa á sì rí i bíi funfun. Bí àtíkè bá fẹ́lẹ́, búlúù tó ń yọ jáde á pọ̀, ìyẹn ni 6500K. Bí ó bá nípọn, tí wọ́n tún fi èyí tó ń mú pupa jáde kún un, ó di 3000K. Nọ́ńbà tó wà níwájú K yẹn, bí ó bá ṣe ń ga sí i ni iná ń funfun sí i. Àtùpà epo kò tó 2000, gílóòbù onírin àtijọ́ wà ní nǹkan bí 2700, oòrùn ọ̀sán gangan wà ní nǹkan bí 5500. Lédè Faransé tí wọ́n máa ń kọ sára páálí lọ́dọ̀ wa, « blanc chaud » ni èyí tó pọ́n, « blanc froid » ni èyí tó funfun kinkin, « blanc neutre » ni èyí tó wà láàárín.

Àtíkè tó nípọn máa ń gbé díẹ̀ mì nínú iná. Ìdí nìyẹn tí lumen èyí tó pọ́n, ìyẹn iye ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára rẹ̀, fi dín. Ọlọ́jà kò purọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ojú èèyàn kì í ka iná bí ẹ̀rọ ṣe ń kà á: bí wọ́n bá gbé 800 àti 1000 fún ọ ní ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú òkùnkùn, agbára káká ni wàá fi mọ èwo ló jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì sì fi ń gbé 1000 yẹn, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á gbóná, á sì rẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà oko tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀, 50 sí 100 lumen tó fún un. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi lumen tà á fún ọ.

Ohun tó yẹ kí o bi ọlọ́jà ni bóyá iná náà ń jẹ́ kí àwọ̀ hàn bó ṣe wà. Ro ilẹ̀ wa wò. Ilẹ̀ pupa, ewé gbígbẹ lórí rẹ̀, gbòǹgbò, èèpo igi, ìgbín tí ìkarahun rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ewé tó ti kú. Paramọ́lẹ̀ tó dùbúlẹ̀ sáàárín gbogbo wọn, tí kì í sá fún ẹni tó ń bọ̀, àwọ̀ kan náà ló wọ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín nǹkan wọ̀nyí, inú pupa, ọsàn àti àwọ̀ ilẹ̀ ló wà. Iná funfun olówó pọ́ọ́kú kò fi bẹ́ẹ̀ ní pupa nínú, torí àtíkè rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọn kì í sì í sábà fi èyí tó ń mú pupa jáde kún un. Pupa tí kò sí nínú iná kò lè padà wá sójú rẹ láti ara ohun tó tàn sí. Gbogbo ilẹ̀ á rí bí eérú, yóò mọ́lẹ̀ gan-an, o ò sì ní rí nǹkan kan yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n yìnbọn lù á dà bí ẹrẹ̀ lórí ewé. Kò sí ọdẹ tó máa fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àtùpà káábáàdì tí àwọn ọdẹ máa ń dè mọ́ iwájú orí kò mọ́lẹ̀ tó LED rárá, ṣùgbọ́n pupa pọ̀ nínú iná rẹ̀.

Iye tí wọ́n fi ń wọn èyí ni CRI. Lórí páálí tí wọ́n kọ lédè Faransé, IRC ni wàá rí, nígbà mìíràn Ra. 100 ló ga jù, gílóòbù onírin àtijọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì funfun wà ní nǹkan bí 70. 80 ṣe é fara mọ́. 90 lọ sókè ni mo fẹ́ fún ọ. Kí o sì mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́jọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ki ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, pupa fòò kò sí nínú wọn. Wọ́n máa ń wọn pupa fòò lọ́tọ̀, R9 ni wọ́n ń pè é, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ R9 sí lára kò sì wọ́pọ̀ lọ́jà wa.

Iṣẹ́ iná mànàmáná ni mò ń ṣe, orí àjà ilé ni tọ́ọ̀ṣì orí tèmi ti ń ṣiṣẹ́ jù. Nínú ilé tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ bíi ti Faransé, búlúù ni wáyà neutre (èyí tí iná ń gbà padà), àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìyeyè ni terre (èyí tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀), phase (èyí tí iná ń gbà wọlé) lè jẹ́ pupa, dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Lábẹ́ iná funfun tí kò dára, pupa àti àwọ̀ ilẹ̀ máa ń jọ ara wọn. Lábẹ́ iná tó pọ́n jù, búlúù tó ti dọ̀tí á fẹ́ dà bíi dúdú. Èyí lè pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo 4000K tí CRI rẹ̀ ga, tí n kò fi sọ fún ọ pé gbogbo iná tó bá ti pọ́n ló dára. Tọ́ọ̀ṣì 3000K tí CRI rẹ̀ kò tó nǹkan dà bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ ìyeyè bo ojú fèrèsé: ara tù ọ́, o ò sì mọ àwọ̀ ohunkóhun nínú yàrá.

Ó ku ti kùrukùru. Mo mọ ibi tí bàbá ti rí i. Òfin ilẹ̀ Faransé fi dandan lé iná aláwọ̀ ìyeyè fún ọkọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1937 títí di 1993, ọ̀pọ̀ Peugeot 404 àti 504 tó dé ọ̀dọ̀ wa sì gbé iná náà wá. Ohun tó dára lára rẹ̀ ni pé kì í ta ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú tó funfun. Ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi tó wà nínú kùrukùru àárọ̀, àti eruku ọyẹ́ tó máa ń bo ojú ọ̀nà ní Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n tóbi ju kí wọ́n ya búlúù sọ́tọ̀ kúrò lára ìyeyè lọ. Bí wọ́n ṣe ń dá ọ̀kan padà náà ni wọ́n ń dá èkejì padà. Ohun tó ń da ojú rẹ láàmú nínú kùrukùru ni pé tọ́ọ̀ṣì wà lókè ojú rẹ gan-an, gbogbo iná tó bá padà, ojú rẹ ló ń padà sí. Tú u kúrò lórí, mú un sọ́wọ́ nítòsí ìbàdí, dín in kù. Ọ̀nà á hàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ funfun, ì báà jẹ́ ìyeyè.

Ṣe bẹ́ẹ̀ náà níbi tí ọ̀nà bá ti kún fún kòtò. Nígbà tí iná bá wà níwájú orí, òjìji kòtò máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ojú kì í rí i. Bí iná bá ti ìsàlẹ̀ tàn, òjìji á gùn, kòtò á yọjú.

Kòkòrò ni ohun tí mo máa fi ti bàbá lẹ́yìn. Búlúù àti ìmọ́lẹ̀ tó kọjá búlúù tí ojú wa kò rí ló ń pe ọ̀pọ̀ kòkòrò. Ní alẹ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí èsúnsún bá ń fò, ẹni tó dé iná funfun sórí máa ń fi ọwọ́ nu ojú ju bó ṣe ń ṣa ìgbín lọ. Èyí tó pọ́n kò lé wọn o, ó kàn ń dín wọn kù ni.

Bí tọ́ọ̀ṣì náà bá ní bọ́tìnì iná pupa, wàá rí i pé ó dára fún jíjókòó, fún kíka nǹkan, torí pé pupa tó rọra ń tàn kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ojú tó ti mọ́ òkùnkùn jẹ́. Bí o bá sì tan funfun sí ojú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó lè tó ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó padà sí bó ṣe wà. Má ṣe fi pupa rin inú igbó o. Ohun tó pọ́n á dà bíi funfun lábẹ́ rẹ̀.

Nípa ìyàwó rẹ: tó bá dìde láti fún ọmọ lọ́yàn lóru, kí ó fi í sí ìpele tó kéré jù, kó má kọjú rẹ̀ sí ojú ọmọ. Búlúù ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, nítorí náà iná tó pọ́n á jẹ́ kí oorun tètè padà gbé òun àti ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú kéré. Iná tó pọ́n kì í jẹ́ kí èèyàn rí i bí ojú àti ara ọmọ bá ń pọ́n bí ìyeyè, torí gbogbo nǹkan ló pọ́n lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tuntun ni, ẹ gbé e síta lójúmọmọ láràárọ̀, ẹ wo funfun ojú rẹ̀ àti awọ ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Kí o tó sanwó, mú ata pupa kan, ewé tútù kan àti epo pupa díẹ̀ nínú ìgò dání lọ sọ́jà. Ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí o wọ ibi tó ṣókùnkùn nínú ìsọ̀ rẹ̀, kí o tan tọ́ọ̀ṣì méjèèjì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì tàn án sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Èyí tí epo bá ti pọ́n bí epo, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bá ti ní ẹ̀jẹ̀ lára, òun ni kí o mú, ohun yòówù tí wọ́n ì báà kọ sí páálí. Tàn án sára ògiri funfun pẹ̀lú. Bí etí iná náà bá ní àwọ̀ ewé, fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, yọ bátìrì rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní 18650, tí wọ́n kọ 9900 mAh (iye iná tó lè gbà) sí i lára, irọ́ ni: èyí tó dára nínú wọn kì í sábà ju nǹkan bí 3500 lọ. Ní kí ó yọ owó bátìrì kúrò nínú iye rẹ̀, kí o fi ra òmíràn.