Màmá ọkọ mi ní kí n máa mu stout kí ẹ̀jẹ̀ mi lè pọ̀

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Manchester ni à ń gbé, ṣùgbọ́n a wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ màmá ọkọ mi ní Èbúté Mẹ́tta. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin. Ní ìrọ̀lẹ́, màmá á bu stout sínú ife kékeré fún mi, wọ́n á ní kí ẹ̀jẹ̀ mi lè pọ̀ ni. Àwọn náà mu ún lórí oyún ọkọ mi, ó sì ti di ẹnjiníà. Ṣé ó lè pa ọmọ lára lóòótọ́? Báwo ni mo ṣe máa kọ̀ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mo rí wọn fín?

Àbúrò mi, má mu ún mọ́. Ibi ọmọ kò rí bí asẹ́ ògì tó ń mú èèrí sílẹ̀. Ọtí ń gba inú rẹ̀ kọjá ni, ẹ̀dọ̀ ọmọ kò sì tíì gbó tó èyí tó lè kápá rẹ̀. Ọpọlọ ló ń jìyà rẹ̀ jù, torí kò sí oṣù kan nínú oyún tí ọpọlọ kì í dàgbà. A máa ń bí àwọn ọmọ mìíràn ní kékeré, kí ètè òkè wọn sì tín-ín-rín. Ọ̀pọ̀ ni ojú wọn kì í fi nǹkan kan hàn. Ó di ilé ìwé kí wọ́n tó rí i pé ohun tí ọmọ kọ́ lánàá ti fò lọ, pé kò lè jókòó jẹ́ẹ́, kò sì sí oògùn tó ń wo ìyẹn sàn. Ọmọ kan lè yọ, kí èkejì má yọ. Kò sí dókítà tó mọ ìwọ̀n tí kò léwu.

Màmá kò ṣìkà o. Ọdún 1973 ni àwọn dókítà ní Seattle ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àrùn yìí lórúkọ, ó sì di 2016 kí àwọn àgbà dókítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó sọ ọ́ pọ́nbélé pé kí aláboyún má mu ọtí rárá.

Àgbo ló tún ń bà mí lẹ́rù ju stout lọ. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, kí a tó kó wá sí Leeds, mo dúró níwájú ìyá alágbo kan ní Ojúẹlẹ́gbà. Ó bi mí pé, “Olómi àbí ọlọ́tí?” Ìgò méjèèjì dúdú bákan náà, egbò kún inú wọn. Ìgbà tó ṣí èkejì ni òórùn ògógóró gbá mi nímú. Bí wọn kò bá bi ọ́, ìwọ bi wọ́n. Olómi pàápàá, má mu ún láì sọ fún agbẹ̀bí rẹ.

Ní ti màmá, kúnlẹ̀, kí o ní, “Màmá, ẹ ṣeun, dókítà ní kí n má fẹnu kan ọtí. Ẹ bá mi se ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀.” Inú wọn á dùn pé wọ́n rí nǹkan ṣe fún ọ. Kí ọkọ rẹ náà sì bá wọn sọ ọ́, ọmọ wọn ni. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wá kò tó nǹkan nínú stout. Inú ẹ̀wà, ẹran àti ẹ̀fọ́ ló wà. Fi ọsàn tẹ̀ lé e, má sì fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ rẹ mì, kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa.

Èyí tí o ti mu, má sunkún lórí rẹ̀. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá dáwọ́ dúró, ó ń ṣe ọmọ lóore. Tí ẹ bá padà, sọ fún agbẹ̀bí rẹ iye ìrọ̀lẹ́ tí o mu ún, kó lè kọ ọ́ sílẹ̀.