Ṣé àgbo ìfọnú lè wo àrùn MS?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n ya fọ́tò ọpọlọ ìyàwó mi, wọ́n ní multiple sclerosis, MS, ni. Alágbo kan ní Nyanya ní kòkòrò inú ìfun ló fà á, kó fi àgbo fọ inú fún ọjọ́ 7, kó sì pa oògùn ilé ìwòsàn tì. Ṣé ká ṣe é? (Ọkọ aláìsàn, Kubwa)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun tó jẹ́ kó léwu nìyẹn. Nínú MS, àwọn ọmọ ogun ara ló ń jẹ myelin, tó bo fọ́nrán ọpọlọ bí rọ́bà ṣe bo wáyà iná. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ gbé kòkòrò ìfun (bakitéríà tí ojú kò lè rí, kì í ṣe aràn) àwọn tó ní MS sínú eku, àìsàn tó jọ MS sì ràn lára àwọn eku náà. Eku ni o, eku tí wọ́n dìídì sìn fún ìwádìí. Ìyẹn kò sọ pé ìfọnú ń wo ènìyàn.

Kòkòrò ìfun kì í ṣe ìdọ̀tí. Bí ènìyàn yàgbẹ́ títí tó fi di omi lásán, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, púpọ̀ nínú wọn á ti padà sípò. Omi ara àti potassium, iyọ̀ tí iṣan àti ọkàn nílò, lẹ máa pàdánù: ẹsẹ̀ tó ti rọ̀ á tún rọ̀ sí i, ọkàn lè máa lù ségesège. Nínú ooru Abuja, ara tí omi ti tán nínú rẹ̀ a tètè gbóná, ooru ara sì ń mú kí ojú ẹni tó ní MS ṣú.

Ti oògùn ló burú jù. Bó bá jẹ́ fingolimod, oògùn MS kan, ló ń lò, tó dá a dúró, àìsàn náà lè ru padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì, tó ti pẹ́ lára náà, díẹ̀díẹ̀ la ń dín in kù, a kì í já a lójijì.

Oúnjẹ ńkọ́? Kò sí èyí tó ń wo MS. Ṣùgbọ́n fáíbà, ohun inú oúnjẹ tí ìfun wa kò lè dà, ni oúnjẹ àwọn kòkòrò náà. Wọ́n ń sọ ọ́ di èròjà tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara. Kọ́ọ̀bù ẹ̀wà sísè kan ní fáíbà bíi gíráàmù 11. Kó máa jẹ fáíbà bíi gíráàmù 25 lóòjọ́. Ìdajì kọ́ọ̀bù ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó máa mu omi dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú á wú.

Fùrá kò burú, nọ́nò inú igbá lójú ọ̀nà ni kó yẹra fún. Wàrà tí wọn kò sè ló sábà máa ń jẹ́, kòkòrò brucella sì lè wà nínú rẹ̀, nígbà tí oògùn MS ti dẹ ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara. Ẹ jẹ́ kí wàrà hó, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ tó fi yógọ́ọ̀tì ṣíbí kan sí i láti mú un kan.

N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi, nítorí náà dókítà rẹ̀ nìkan ni kó yí oògùn padà. Bó bá sì ti mu àgbo náà, tí ìgbẹ́ kò dá, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹ fún un ní ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà), kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ yìí.