Ṣé dọ́là kan tí wọ́n kọ sára owó fàdákà ni iye rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Iṣẹ́ oṣómàáló ni bàbá wa àgbà ṣe láyé wọn, wọ́n sì fi ṣílè mẹ́fà sílẹ̀ sínú àpótí: ọdún 1914 ló wà lára mẹ́rin, 1936 ló wà lára méjì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà náà fún mi ní owó fàdákà kan tí wọ́n kọ "dọ́là kan" sí. Alágbẹ̀dẹ góòlù kan ní ọjà Atákúnmọ́sà da gbogbo rẹ̀ sórí ìwọ̀n pọ̀, ó ní iye kan náà lòun máa san lórí gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Kí ló ń sọ iye irú owó báyìí gan-an?
Ìyá Ìbejì, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ta nǹkan kan, nítorí pé ohun mẹ́ta tí kò bára wọn dọ́gba ni alágbẹ̀dẹ yín dà pọ̀.

Bí àwòrán ẹyẹ idì àti ọ̀rọ̀ náà "1 OZ. FINE SILVER" bá wà lẹ́yìn owó tí ẹ̀gbọ́n yín fún yín, a jẹ́ pé Silver Eagle ni, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń rọ láti ọdún 1986. Dọ́là kan tí wọ́n kọ sí i kàn ń fi hàn pé owó ìjọba ni. Kò sí ẹni tó máa ná an ní dọ́là kan, torí pé fàdákà inú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ohun tí ẹ máa wò ni bó ṣe wúwo tó, bí fàdákà rẹ̀ ṣe mọ́ tó, àti iye tí fàdákà ń lọ lágbàáyé lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á. Áùnsì kan ni, ṣùgbọ́n áùnsì àwọn oníwúrà ni, tó jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe ti 28.35 tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń rẹ́ aláìmọ̀kan jẹ. Bí a bá pín in sọ́nà 1000, 999 ni fàdákà pọ́ńbélé.

Dọ́là ni wọ́n fi ń dá iye fàdákà ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York, nítorí náà bí náírà bá já wálẹ̀, owó yín lè gbówó lórí níbí láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń ṣe pátákó sólà àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ń rà á púpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fàdákà ń jáde láti inú ihò tí wọ́n ti ń wa òjé, síǹkì àti bàbà, kì í ṣe pé fàdákà ni wọ́n torí rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀. Bí ó ti wù kó wọ́n tó, kò rọrùn láti tètè wa púpọ̀ sí i.

Ẹni tó bá ń ta irú owó yìí máa ń fi owó rírọ, owó ìkẹ́rù àti èrè tirẹ̀ lé iye fàdákà, ẹni tó sì ń rà á padà máa ń yọ díẹ̀ kúrò. Síbẹ̀, òǹtẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ máa ń jẹ́ kí gíráàmù rẹ̀ wọ́n ju ti ẹ̀gbà ọwọ́ tó ti ṣẹ́ lọ. N kò bá alágbẹ̀dẹ yín wí. Ẹni tó fẹ́ yọ́ nǹkan, kí ni yóò fi òǹtẹ̀ ṣe?

Ní ti ṣílè bàbá àgbà, àwọn ti 1914 tó ní àwòrán igi ọ̀pẹ jẹ́ fàdákà 925 nínú 1000. Nínú gíráàmù 5.65 tí ẹyọ kan jẹ́, bíi 5.2 ni fàdákà, tó fi jẹ́ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta áùnsì kan jọ. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ojú rẹ̀ bá ṣì mọ́ kedere, àmọ́ ìyẹn kò sí lórí ìwọ̀n mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Bó bá ti ń dán yinrin, wọ́n máa já owó rẹ̀ wálẹ̀ ni.

Kí ẹ tó padà sọ́jà, ẹ wọn ti ẹ̀gbọ́n yín lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi òòfà kàn án: bí òòfà bá gbé e, kì í ṣe fàdákà. Bí kò bá gbé e, ìyẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí òòfà kì í gbé idẹ àti òjé náà. Kí ó wúwo tó gíráàmù 31.1, kí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 40.6.

Ó ku ṣílè 1936 méjèèjì. Láti ọdún 1920 ni àwọn Òyìnbó ti ń fi idẹ rọ ṣílè tí a ń ná nílẹ̀ wa, ẹ ó sì rí i tó pọ́n níbi tó ti jẹ. Ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ náà. Iye fàdákà ló fẹ́ san lórí idẹ náà.