Ṣé ẹni tó wà ní Àbújá lè fi àwòrán sátẹ́láìtì mọ oko ìrẹsì Niger Delta lásìkò òjò?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì oní-rédà (èyí tó ń fi ìgbì rédíò ya àwòrán) bíi Sentinel-1 ni kí ó lò, nítorí ìkùukùu kì í dí i lójú bí ó ṣe ń dí Sentinel-2, sátẹ́láìtì tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ya àwòrán bíi kámẹ́rà. Oko tí omi bò máa ń dúdú nínú àwòrán rédà. Bí ìrẹsì bá ṣe ń dàgbà ni ojú ibẹ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i, ìyípadà yìí ni a sì fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára igbó etí omi. Fún ìrẹsì ẹ̀ẹ̀rùn ti Kebbi, níbi tí ìkùukùu kò ti pọ̀, Sentinel-2 sábà máa ń tó. Oko kékeré tí a ti da ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo ló ṣòro jù láti dá mọ̀ nínú àwòrán sátẹ́láìtì. Àfi kí ènìyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀.